Abọ́ Tí N Kò Fọ́

Ní ọjọ́ tí mo rí abọ́ náà ní ìsọ̀ Jàfárù ní ọjà Ìkòtún, n kò jẹ́ kí ojú mi dúró lára rẹ̀. Àwo mìíràn ni mo kọ́kọ́ gbé, mo yí i dà, mo wo ìdí rẹ̀, mo dá a padà. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti Jàfárù ń ṣe: àwo tánganran àtijọ́ là ń tà, irú èyí tí àwọn ìyá wa tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú rẹ̀. Ìsọ̀ tèmi wà ní Ìgàndó. A máa ń lọ wo ọjà ara wa, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ nǹkan jù, ọ̀wọ́n ni wọ́n máa tà á fún un.

Abọ́ ọbẹ̀ ńlá ni, ó ní etí méjì, ẹyẹ àti ewé aláwọ̀ búlúù sì wà lára rẹ̀ yíká. Kò ní ọmọrí.

Ìyá mi ní irú rẹ̀ nígbà tí à ń gbé yàrá kan ní Pleasure, lẹ́bàá Ìyànà Ìpájà. Ó yá alájọgbé wa kan, Ìyá Ìyábọ̀dé, ní abọ́ náà pẹ̀lú àwọn àwo mìíràn, nígbà tí ìyẹn ń ṣe ìkómọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi ni wọ́n rán láti lọ kó àwo wa wálé. Mo bá àwọn àwo, mo bá ọmọrí abọ́ ọbẹ̀, n kò bá abọ́ náà. Ìyá Ìyábọ̀dé ní òun kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi ní mo ti fọ́ ọ lọ́nà, mo sì ti da àfọ́kù rẹ̀ sí gọ́tà. Wáyà áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́ ló fi nà mí. Ikùn ni mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀yìn mi kò ṣeé fi kan ẹní. Nígbà tó yá, à ń kó kúrò nílé náà, àbúrò mi Súmbọ̀ já ọmọrí náà sílẹ̀, ó fọ́. Wọn kò na Súmbọ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò fún mi ní ohun tó lè fọ́ gbé mọ́ nílé wa. Nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, àwo páànù ni ìyá mi dì sí ẹrù mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti bó létí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọkọ mi tú ẹrù náà lójú gbogbo ènìyàn, ó bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lo ti ń bọ̀ ni?” Súmbọ̀ ló gba tánganran.

Ìyá mi ti di arúgbó báyìí. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé n kò fọ́ abọ́ náà, kó tó kú.

“Àǹtí Ràbí, ẹ gbé e jàre,” Jàfárù wí. “Kò ní gé yín jẹ.”

“Kò ní ọmọrí.”

“Ṣé ọmọrí ni wọ́n fẹ́ jẹ ni? Ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Tínà ni mo fi nù ún. Obìnrin tó ni ín ti fi kútẹ́ẹ̀sì kun ibẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ ò hàn mọ́ rárá.”

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ìyá wa máa ń fi ọ̀dà tàbí kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí ìdí àwo wọn, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá yá ènìyàn fún ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni àwọn oníbàárà òde òní ń wá, a sì ń nu àmì àwọn ìyá kúrò.

Mo gbé abọ́ náà. Mo fi èékánná ta etí rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí àkọlé ní ìdí rẹ̀ pé ó ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù, nítorí náà kì í ṣe ti àná. Ara rẹ̀ tó ń dán ti sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Lẹ́yìn náà ni mo wo abẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì.

Bébà ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára irú abọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́. Ibi tí etí bébà méjì ti pàdé kì í bára mu, bí ti abọ́ kan ṣe rí kọ́ ni ti èkejì máa ń rí. Èmi ni mo máa ń fọ abọ́ ìyá mi. Lábẹ́ ọ̀kan nínú etí rẹ̀, ẹyẹ kan wà tí kò ní ìrù. Ewé ló hù síbi tó yẹ kí ìrù wà.

Mo rí i. Ewé ló wà níbẹ̀.

“Níbo lo ti ra eléyìí?”

“Ẹgbẹ́dá ni. Ìyá kan kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ta gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ fún mi. Ìyá Ìyábọ̀dé ni wọ́n ń pè é.”

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni tàbí ó rò pé tòun ni. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

“Ojú yín ti tú yín fó, Àǹtí,” Jàfárù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Owó ẹ̀ ti lé sí i nìyẹn.”

“Wá sí ìsọ̀ mi lọ́la. Mú ìkòkò tíì méjì tó bá wù ọ́ dípò rẹ̀.”

“Èyíkéyìí? Títí kan aláwọ̀ ewé yẹn?”

“Títí kan án.”

Ó wo abọ́ náà, ó wò mí. “Àbí góòlù wà nínú ẹ̀ tí mi ò rí ni?”

Mo fi ìborùn mi wé e, mo gba Ayọ̀bọ̀ lọ, níbi tí ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Sùrájù. Sùrájù ti lọ sí Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀, Aasiyah, ló ṣílẹ̀kùn. Ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Mo gbé abọ́ náà lé e lórí itan.

“Màmá, abọ́ yín rèé. Abọ́ ẹlẹ́yẹ. Ilé Ìyá Ìyábọ̀dé ní Ẹgbẹ́dá ló wà látọjọ́ yìí.”

Ó fọwọ́ pa á yíká. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ràbí, ìwọ tóo ń ta àwo! O lọ ra irú ẹ̀ kóo lè fi dí mi lẹ́nu. Irú ẹ̀ kún Ìyànà Ìpájà nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí ò ní.”

“Ẹyẹ kan wà lára ẹ̀ tí ò ní ìrù.”

“Ẹyẹ wo? Ṣé èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ ni?”

Òótọ́ ló sọ. N kò bá a jà. Mo bi í pé, “Kí ni àmì yín, Màmá?”

“Ẹsẹ̀ adìyẹ. Kútẹ́ẹ̀sì pupa. Gbogbo Pleasure ló mọ̀ ọ́n. Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Wọ́n ti nù ún.”

“Hẹn-ẹ́n! Mo mọ̀.”

Mo yí abọ́ náà dà síbi fèrèsé. Tínà máa ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò níbi tó bá ń dán. Ṣùgbọ́n òrùka tí abọ́ fi ń jókòó kì í dán, amọ̀ lásán ni, ó máa ń mu nǹkan. Ọwọ́ ìyá mi kì í dúró sí àárín nígbà tó bá ń sàmì. Ó máa ń fa ìlà náà kọjá orí òrùka. N kò sọ èyí jáde. Aasiyah ló ń bá a wo àkọlé ara oògùn rẹ̀, Aasiyah ni ìyá mi gbà gbọ́. Mo ní, “Aasiyah, wo orí òrùka yìí, kóo sọ ohun tóo bá rí fún wọn.”

Aasiyah tẹ̀ mọ́ ọn. “Pupa wà níbí, Màmá. Ó ti wọnú amọ̀. Ọ̀kan rèé. Òmíràn rèé. Ẹ̀kẹta... wọ́n yà bí ìka.”

“Wọ́n yà bí ìka?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ adìyẹ.”

Ìyá mi gba abọ́ náà, ó fi àtàǹpàkò rìn yí òrùka ká. Lẹ́yìn náà ló pariwo: “Ìyá Ìyábọ̀dé ń fi abọ́ mi jẹun! Aasiyah, gbé ìborùn mi wá, mò ń lọ sí Ẹgbẹ́dá!”

“Ó ti kú, Màmá.”

“Kí ló lé e?”

Aasiyah fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

“Màmá, kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe wá.”

“O gbé abọ́ wá, mo gbà á. Kí lo tún ń fẹ́? Aasiyah, bu oúnjẹ fún un.”

“Mi ò tíì fẹ́ jẹun. Ẹ sọ pé mi ò fọ́ ọ.”

“Ṣebí òun lò ń wò tí kò fọ́ yìí?”

“Ẹ sọ ọ́, Màmá. Kẹ́ẹ sọ ọ́ fún Sùrájù. Ìyá Àfọ́kù ló ń pè mí títí dòní, níwájú àwọn ọmọ mi.”

Ó yíjú sí ògiri. Mo dúró. Aasiyah wò mí, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, ó gbé e síwájú ẹnu ìyá mi.

“Sùrájù,” ìyá mi wí. “Ràbíátù ò fọ́ abọ́ yẹn.”

“Abọ́ wo, Màmá?”

“Abọ́ wo kẹ̀? Abọ́ ẹlẹ́yẹ tí mo tìtorí ẹ̀ nà án!”

“Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Kí ni Ràbí tún fọ́?”

Ìyá mi na fóònù náà sí mi pé kí n parí ọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Ẹ tún un sọ, Màmá.”

Ó wò mí bó ṣe lè rí mi mọ. Ó fa fóònù náà padà sẹ́nu, ó sì kígbe débi pé ẹni tó ń fọṣọ nílé kejì dáwọ́ dúró: “Mo ní kò fọ́ ọ! Kò fọ́ nǹkan kan! Èmi ni mo na ọmọ mi lásán!”

Mo jókòó. Mo ní kí Aasiyah bu oúnjẹ wá.