Ọjọ́ Kẹta Oṣù Kẹrin Ló Pa Wọ́n

Bu Mal-sun pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin kó tó gba bàbá rẹ̀ padà ní kóòtù.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Jeju, erékùṣù kan ní Korea, ló ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ Seoul olú-ìlú tí kò mọ ìtàn erékùṣù náà, bi í pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni wọ́n pa bàbá yín?"

"Ọjọ́ Kẹta Oṣù Kẹrin."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ipasẹ̀ wọn nínú yìnyín ni àwọn tó pa wọ́n tọ̀. Yìnyín wo ló wà lóṣù kẹrin?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń bá ẹ ka kàlẹ́ńdà? Ọjọ́ yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀, òun la fi ń pe gbogbo rẹ̀; ọdún méje ni ìjọba fi pa wá. Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún nígbà ìkórè, Ọjọ́ Kẹta Oṣù Kẹrin ló pa á. Ẹni tí ebi pa sínú ihò àpáta, òun náà ni. Ìyá mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi kú."

Nígbà náà, ta ló fẹ́ gba ọmọ ẹni tí ìjọba pa síṣẹ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá Mal-sun ló kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Ohun tó gbà á là nìyẹn. Kí wọ́n tó lè tún ìwé náà kọ, Dong-sik, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá náà, gbọ́dọ̀ fi itọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA, kó lè hàn pé òun àti Mal-sun kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Dong-sik wí, "bàbá mi pọ̀n yín nígbà tí ẹnì kan ò fẹ́ fọwọ́ kàn yín. Ẹ wá fẹ́ kí adájọ́ pè wọ́n ní òpùrọ́?"

"Irọ́ ni wọ́n pa, Dong-sik. Irọ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí mi ò lọ́mọ kankan nínú ìwé."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin márùn-ún ni wọ́n bí. Tutọ́, jàre. Ṣebí o ti ń tutọ́ sí mi lára láti kékeré."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tutọ́ sínú ìgò, ó sì jáde.

Kóòtù dá Mal-sun láre. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí gbogbo ẹbí máa ń ro koríko orí sàréè àwọn bàbá wọn, kò sẹ́ni tó pè é. Ó mú dòjé, ó lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Seong-jun," ni Dong-sik wí. Orúkọ ọmọ Mal-sun ló fi pè é; ó kí i dáadáa, bí a ṣe ń kí àlejò. Láti àádọ́rin ọdún, "ẹ̀gbọ́n mi" nìkan ló ń pè é.

Mal-sun dúró síbẹ̀. Wọn ò rí òkú bàbá rẹ̀ rí. Kò sí sàréè kankan tó kù fún un láti ro.