Kóòtù Tí Kò Tíì Parí

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, màmá!” Ẹ̀ṣọ́ sáré dé.

Ọwọ́ ìyá aránṣọ ti kàn án. Maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ni, èyí tó fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Oṣù tó kọjá ni ọmọ náà gbé e kúrò nílé, ó lóun ń gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Òun rèé nínú ilé iṣẹ́-ọnà olówó yìí, wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì bò ó, wọ́n wá tan iná mànàmáná sí i lórí. Látìgbà náà, ọwọ́ ni ìyá fi ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ sì ti dá ìka rẹ̀ lóró. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ta á lólobó pé wọ́n ń yẹ́ ọmọ rẹ̀ sí níbí lónìí nítorí iṣẹ́-ọnà rẹ̀, ló bá wọ aṣọ tó dára jù, ó wá bá a yọ̀.

Onílé, olówó tó ni ilé iṣẹ́-ọnà náà, sún mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ rọra, màmá. Maṣíìnì ìyá oníṣẹ́-ọnà wa tó dolóògbé ni. Ẹkún ló fi ṣe é.”

“Tó ṣe kí ni?”

“Ìyá rẹ̀ ti kú.”

Ọmọ náà ti dé ẹ̀yìn wọn. Ojú òun àti ìyá rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

“Ṣé o mọ màmá yìí ni?” onílé bi í.

“Aránṣọ àdúgbò wa ni wọ́n, sà. Orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá wọ eegun. Ó wo kóòtù tó wà lọ́rùn ọmọ. Ọwọ́ ló fi rán an. Àárọ̀ yìí lọmọ já a gbà pé òun ń pẹ́. Òwú lásán tó fi dì í mú ló ṣì wà lápá òsì, kò tíì rán an pa.

“Òótọ́ ló sọ,” ni ìyá wí. “Aránṣọ ni mí. Kóòtù yẹn ni mo wá gbà, n ò tíì rán an tán.”

Ó di òwú mú, ó fà á. Apá kóòtù já wálẹ̀. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń yà á ní fọ́tò. Ọmọ bọ́ kóòtù fún un, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́,” ó rọra sọ.

“Ìyá rẹ ti kú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni.”

Ó ká kóòtù sí abẹ́ abíyá, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀nà ìta han òun.