Ìwé Mẹ́fà Tí Mo Fọwọ́ Sí

Katapílà náà ti gun òkè dé ìdajì kí n tó lé e bá. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo na ọ̀pá mi. Awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnnì.

"Baba, ẹ dákun, ẹ kúrò lọ́nà."

"Ta ló ní kí o wá síbí?"

"Alága ni."

"Èmi ni alága."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Quadri lorúkọ rẹ̀, ọmọ Erio. Ó yọ ìwé kan nínú àpò.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ fún wa ní èyí."

Lẹ́tà káńsù wa ni. Ó gba àwọn awakùsà láàyè láti wa Òkè Apárí fún ogún ọdún. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, Bámidélé, alága. Èmi ni mo fọwọ́ sí i lóòótọ́. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Káńsù kékeré ni tiwa, láàárín Ìjerò àti Aramọkọ. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò pọ̀. Mo ní kí a máa fi èdè wa ṣe ìpàdé. Mo ní kí a máa fi Yorùbá kọ lẹ́tà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé Adó. Mo kọ orúkọ àdúgbò sára pátákó bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é, Òkè Ulé, kì í ṣe Òkè Ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn awakùsà wá bá mi nítorí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní rárá. Abẹ́ Òkè Apárí ni omi tí gbogbo ìlú ń mu ti ń sun.

Ọláìtán ni akọ̀wé mi. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ẹgbẹ́ kan náà la wà. Ní ìlú wa, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta ló ń wọ ẹgbẹ́ pọ̀, ẹgbẹ́ tiwa ló sì ń ro ọ̀nà omi lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí a wọ ẹgbẹ́, a dúró nínú omi yẹn, a búra. A ò ní pe ẹlẹ́rìí sí ohun tí a bá fún ara wa. A ò ní ro ẹjọ́ ara wa níwájú ìlú.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú n'Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní yóò gbà. Kí iṣẹ́ ìlú má baà dúró, mo fọwọ́ sí ìwé káńsù mẹ́fà tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí, mo gbé wọn fún Ọláìtán nínú yàrá rẹ̀. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ó fún mi ní bọ̀ọ̀lì, mo jẹ ẹ́.

Láti orí òkè, ilé rẹ̀ ni mo gbà lọ. Ó ń sá kòkó.

"Alága. Ojú rẹ ti ríran dáadáa?"

"Ó ríran. Mo rí lẹ́tà."

Ó ń da kòkó rú lọ.

"Ìwọ lo kọ ọ́, Ọláìtán."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i."

"Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Wọ́n gba Peter síṣẹ́." Àkọ́bí rẹ̀ ni Peter. Ọdún méje ló fi jókòó sílé lẹ́yìn tó jáde yunifásítì. "Máa fi pátákó Yorùbá bọ́ àwọn ọmọ tìrẹ. Tèmi fẹ́ jẹun."

"Omi ńkọ́?"

"Wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i."

"Ìwé márùn-ún tó kù dà?"

"Wọ́n wà níbi tí wọ́n wà."

Mo ní màá sọ ọ́ níwájú ìlú. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè.

"O ò ní sọ ọ́. O búra."

Lọ́jọ́ Sátidé, ìlú pé jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Sẹ̀kínát, olórí àwọn elépo, dìde. Òun ló kó àwọn obìnrin jọ láti dìbò fún mi.

"Alága, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fún un?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ gbé ìwé òfìfo fún èèyàn, ẹ ò pe ẹnikẹ́ni sí i?"

"Ẹgbẹ́ mi ni."

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Ṣé ojú ni wọ́n lọ ṣe n'Ìbàdàn ni, àbí orí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọláìtán dìde. Ó ṣí fìlà.

"Ẹgbẹ́ mi ni Bámidélé. A jọ dúró nínú omi ni. Ohun tó wù ú ni kó sọ nípa mi. Èmi ò ní ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú ìlú."

Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ wa náà pàtẹ́wọ́.

Wọ́n yọ mí nípò lọ́sẹ̀ yẹn. Ọláìtán ló kọ lẹ́tà náà, Yorùbá rẹ̀ dán. Nígbà tí ẹgbẹ́ ro ọ̀nà omi, wọn kò pè mí. Omi náà pọ́n nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sun mọ́. Ọkọ̀ àwọn awakùsà ló ń pín omi kiri báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Peter ló sì ń pe orúkọ. Tèmi kì í tètè kàn.

Ìwé márùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ Ọláìtán.