Olè Tó Kọ́kọ́ Dọ̀bálẹ̀

Fíìmù tí Adéolú ṣe ní Manchester lọ́dún 2011, Òru Dúdú ni ó pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni wọ́n ya gbogbo rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn kì í tètè wọ̀, gbogbo òṣèré ló sì níṣẹ́ àárọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó lè dúró de òkùnkùn. Nítorí náà, bí àwọn olè ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí báńkì, tọ́ọ̀ṣì ń tàn lọ́wọ́ wọn, oòrùn ń pa wọ́n lórí, obìnrin kan sì ń sá aṣọ lẹ́yìn wọn.

Àdúgbò Gorton nílùú náà ni Adéolú ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àtúnṣe àwọn bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù èrò ní pápákọ̀ òfurufú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó tú èyí tó bàjẹ́ palẹ̀, ó wò ó títí ó fi yé e. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù náà nìyẹn. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ni ọ̀gá olè. Fọláyọ̀, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya, ló ń di kámẹ́rà mú.

Ọ̀rọ̀ Fọláyọ̀ yìí gan-an ló bí fíìmù. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Charles, ti wà nílùú òyìnbó láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira. Apòògùn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti pẹ́ tí Adéolú ti ń wá ọ̀nà láti sọ gbólóhùn kan péré fún un: pé òun fẹ́ mú àwọn ẹbí òun wá kí wọn nílé. Àmọ́ nígbàkigbà tó bá ti wúkọ́, tó sún síwájú lórí àga, bàbá náà á dìde. Á ní omi tíì ti hó. Á ní òun fẹ́ lọ wo tòmátì òun lẹ́yìnkùlé. Nígbà kan tí kò rí nǹkan kan wí, ó ní òun ń bọ̀, ó sì lọ sùn.

Ni Adéolú bá ní kí bàbá náà wá ṣe máníjà báńkì nínú fíìmù. Ẹni tí a bá jọ ṣeré, a ó jọ sọ̀rọ̀. Alàgbà ní òun á rò ó. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti ra ṣúùtù.

Gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Harpurhey, níbi tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ni wọ́n sọ di báńkì. Wọ́n gbé tábìlì sí i, wọ́n gbàgbé láti ká bánà "Jésù Ń Bọ̀ Láìpẹ́" kúrò lára ògiri, òkè orí máníjà ló sì wà títí fíìmù fi parí. Ìbọn wọn, ike ọmọdé aláwọ̀ ọsàn ni. Adéolú kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní dúdú, kí ọlọ́pàá tòótọ́ má bàa wá bá wọn ṣeré. Mọ́tò tí wọ́n máa fi sá lọ, ti Wùmí, olè kejì, ni. Wùmí ṣì ń kọ́ mọ́tò wíwà, nítorí náà àmì L pupa wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Nígbà tí wọ́n ja báńkì tán tí wọ́n ń sá lọ, wọ́n dúró fún iná pupa. Wọ́n dúró fún ìyá arúgbó kan tó fẹ́ sọdá.

Ti Emmanuel, olè kẹta, ni pé kí ìbọn bà á, kó sì kú. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Oga, I no fit die," ló wí. "Agbára wà nínú ahọ́n. Màámi máa wo fíìmù yìí ní Ṣàgámù."

"Eré ni," Adéolú wí.

"Ikú ò mọ eré."

Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé kó ṣubú, kó má kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú fíìmù, ìbọn ba Emmanuel láyà, ó wó lulẹ̀, ó ní "Mi ò kú o," ó sì dìde lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ohun kan ṣoṣo tó dáa níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá owó. Pákó pẹlẹbẹ ni Adéolú fi kàn án. Ó fi pákó roboto kan sẹ́yìn rẹ̀, ó gbẹ́ ihò títẹ̀ mẹ́ta sára pákó náà, ó sì fi igi ìgbálẹ̀ òyìnbó kọ̀ọ̀kan há inú ihò kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìdábùú tó ń ti ilẹ̀kùn. Tí èèyàn bá yí kẹ̀kẹ́ tó wà níta, pákó roboto á yí, àwọn ihò títẹ̀ á sì máa fa igi ìgbálẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí Fọláyọ̀ má ṣe gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀. Ìtàn dúró, ilẹ̀kùn ń ṣí, ilẹ̀kùn ń tì, àwọn olè sì ń wò ó bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì ní Hyde Road.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti de máníjà ni gbogbo rẹ̀ ti wá bàjẹ́. Adéolú já wọlé lóòótọ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bojú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá Fọláyọ̀ nínú ṣúùtù tuntun, tó jókòó, tó ń wò ó. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ìbọn lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, sà."

Emmanuel rí i pé ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Wùmí kúnlẹ̀ pẹ̀lú àpò owó.

"Ẹ ǹ lẹ́ o," Alàgbà dáhùn, nítorí kí ni kó ṣe? Ó dúró de okùn. Okùn ò dé. Adéolú dìde, ó mú okùn náà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ló máa de bàbá ìyàwó mọ́ àga kó tó lọ tọrọ ìyàwó? Nígbà tó pẹ́, Alàgbà fúnra rẹ̀ dìde, ó ṣí yàrá owó fún wọn, ó tilẹ̀ bá wọn gbé àpò kan. Adéolú sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ fi sílẹ̀, sà, ẹ má ṣe wàhálà." Àwọn akọrin ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ lo gbọ̀ngàn. Bí wọ́n ṣe yà á yẹn náà ni wọ́n fi í sílẹ̀, kò sáyè àtúnyà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù han ìjọ, àwọn èèyàn rọra ń fara dà á títí àwọn olè fi dọ̀bálẹ̀. Gbọ̀ngàn dàrú. Ìyá kan ń fi ìró nu ojú. "Olè tó ní ẹ̀kọ́ ilé," ló ń wí, "ẹ bá mi kí ìyá tó bí wọn." Ẹlòmíràn ní kí máníjà kúkú bu oúnjẹ fún wọn. Kí fíìmù tó parí, Alàgbà Charles ti di Máníjà Ẹ-káàbọ̀. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Fọláyọ̀ bá Adéolú níbi tó ti ń ká wáyà.

"Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?"

"Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Láti ọjọ́ tí Daddy ti ra ṣúùtù yẹn ni wọ́n ti ń practise níwájú dígí bí wọ́n ṣe máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí wọn. Wọ́n ń sunkún gidi, Adéolú. O débẹ̀, o ní ẹ káàsán, sà. O sọ wọ́n di ẹni tí olè gan-an ò kà sí."

"Mo rò pé..."

"Tó o bá mú ẹbí ẹ wá báyìí, ẹnu géètì ni Daddy ti máa kí yín."

Adéolú gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà lábẹ́ bẹ́líìtì ní pápákọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Sátidé," Alàgbà wí. "Mo ti gba gbọ̀ngàn. Mú okùn wá. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn Kérésìmesì."

Adéolú ronú sí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń ronú sí ẹ̀rọ. Ara òun ló ń dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ọkàn òun. Nítorí náà, ó dúró de Alàgbà nínú kápáàkì, ó nà gbọọrọ lórí kọ̀ǹkéré tó ti rin fún òjò, ó dìde, ó tún nà, kí ìkíni lè tán lára rẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó wọlé. Alàgbà wò ó, ó kọjá.

Kì í ṣe okùn ló mú wá. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de ẹrù mọ́ ọkọ̀ ni, èyí tó ní irin eléyín: bí èèyàn bá ṣe ń gbé ọwọ́ irin náà sókè sódò ni eyín á máa gba bẹ́líìtì wọlé, kò sì ní jẹ́ kó padà. Ó já wọlé. Kò wojú, bàtà Alàgbà ló tẹjú mọ́. Ó dè é mọ́ àga, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Alàgbà bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ti múra sílẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú rẹ̀, Emmanuel fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sunkún. Wùmí fi téèpù dí i lẹ́nu.

Nígbà náà ni Adéolú gbójú sókè. Bàbá náà wà lórí àga. Kò sí tíì, kò sí tòmátì. Kò lè dìde.

Ó wúkọ́. Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo fẹ́ mú àwọn ẹbí mi wá kí yín nílé. Nítorí Fọláyọ̀."

Emmanuel sọ ìbọn aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ kalẹ̀. "Oga, na bank we dey rob."

Fọláyọ̀ kò pa kámẹ́rà. Alàgbà ń fi imú mí, ojú rẹ̀ kúrò lára Adéolú, ó lọ sára ọmọ rẹ̀, ó padà. Wùmí rọra ṣí téèpù náà, irunmú díẹ̀ bá a lọ.

"Ẹ tún un yà," Alàgbà wí.

"Sà?"

"Ohùn rẹ kò jáde. Àna mi kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan."

Fọláyọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó pè é. Ó sún kámẹ́rà mọ́ wọn.

"Apá òsì mi sì ṣì ń mira," Alàgbà wí. "Dè mí dáadáa."

Adéolú di ọwọ́ irin náà mú. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.