Epo Inú Kànga Fálúyì

Lọ́dún tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù sórí ilé ní Àpòmù, epo pupa ṣàdédé hàn lójú omi kànga Bàbá Fálúyì. Sàlámọ̀tù nìkan ló ń ṣe epo ládùúgbò, kò wá sẹ́ni tó tún wojú ẹlòmíràn. Bàbá ló ni ilẹ̀ tí ẹkù rẹ̀ wà, ìyẹn kòtò tó ti ń tẹ ẹyìn. Bàbá ti gbé ṣọ́bìrì síbẹ̀.

"Tó bá di ọ̀la, a ó dí i. Epo rẹ la ń mu."

Ẹ̀rù ba Sàlámọ̀tù, nítorí ẹkù yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kì í rí ìkòkò ọlọ́mọrí kó má ṣí i wò ni. Ọ̀nà wo gan-an ni epo ń gbà wọ kànga?

Ó so òkúta àti okùn mọ́ ìgò, ó jù ú sínú omi. Epo ló bá a jáde. Ó tún un ṣe, epo náà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kó tó rántí pé ojú omi ni epo ń lé sí. Ìgò ti gbé e mu kó tó rì. Ó bá fi ṣùkù àgbàdo dí ẹnu ìgò, ó so okùn mìíràn mọ́ ṣùkù, kó lè fà á yọ níbi tó bá wù ú.

Ẹkù kò jìn ju ìbàdí lọ. Bí epo bá ń ti ibẹ̀ wá, òkè ni yóò gbà wọlé, omi ìsàlẹ̀ yóò mọ́. Ó rán ìgò dé àárín: ẹ̀kán epo ń léfòó nínú rẹ̀. Ó rán an dé ìsàlẹ̀ pátápátá: epo ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá! Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá!"

"Ṣé ilẹ̀ ló ń ṣe epo ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìkọ́ tí ẹ fi ń yọ garawa."

Ìkọ́ gbé ìkòkò kan tó ti sán jáde, aṣọ òfì ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀. Bàbá wo aṣọ náà, ó dá a mọ̀. Nígbà tí iná jó ilé koríko rẹ̀ lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó kó ẹrù sínú kànga kí iná má bàa jó o, bí gbogbo ìlú ti máa ń ṣe. Ó ti yọ ìyókù. Ó rò pé èyí ti jóná.

"Ìkòkò epo tí o fún mi nígbà Iléyá ni."

"Epo mi náà ni lóòótọ́, Bàbá. Ẹ ò parọ́."

Ojú ti Bàbá gan-an. Ó lọ gbé ṣọ́bìrì kúrò létí ẹkù fúnra rẹ̀, ó padà wá lóṣòó sẹ́nu kànga.

"Báwo lo ṣe ń fa ṣùkù yẹn? Fi hàn mí."