Ẹ̀dọ̀ Tí Kò Tíì Gba Fíríìdọ́ọ̀mù

"Màámi, ẹ ò tíì ṣí ìgò yìí rárá."

Salimat ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú àmù ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ìyá rẹ̀ sí, nítorí iná mànàmáná àdúgbò Òkè-Àfà kò ṣeé fọkàn tán. Ó fa ìgò kékeré náà yọ nínú ọ̀rá, ìdérí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe ti ilé oògùn wá. Ìsíátù, ìyá rẹ̀, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ díndín. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá a jà kò bá wálẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ nìyẹn.

"Ta ló ní kí ẹ dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró?"

"Ìwọ náà ni. Ṣé ìwọ kọ́ lo kà á fún mi nínú fóònù pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń kọ́ ẹ̀dọ̀ ní iṣẹ́ ṣíṣe ínsúlíìnì? O ní bí ìgbà tí káfíńtà bá lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ni. Mo wá ń fi ẹ̀dọ̀ kún ẹ̀dọ̀."

 Lóòótọ́, Salimat ló ṣe àkàwé yẹn, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹni ebi ń pa ò gbọ́ wàásù, ẹni tí abẹ́rẹ́ sì ti sú, ìròyìn ìwòsàn nìkan letí rẹ̀ ń gbọ́. Bó bá bínú, ìyá á yarí. Ó jókòó tì í.

"Màámi, ẹ̀dọ̀ inú ara èèyàn ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ti màlúù. Lára eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò. Kò tíì kàn wá."

Ìyá ń jẹun lọ.

"Ọmọṣẹ́ tí kò tíì gba fíríìdọ́ọ̀mù, ṣé ẹ máa ń gbé léèsì oníbàárà fún un kó gé e?"

Ìsíátù wò ó bíi pé ó bú òun. "Léèsì? Kó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Bébà ni yóò máa gé."

"Bébà ni ẹ̀dọ̀ náà ṣì ń gé, Màámi. Ẹ sì ti gbé ẹsẹ̀ yín fún un."

 Ìyá wo ẹsẹ̀ náà nídìí ẹ̀rọ, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ẹ̀rù bà á, kò sì lè fi pamọ́. Ó ti abọ́ ẹ̀dọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká bùbá rẹ̀ sókè.

"Gún mi, ká sì lọ rí dókítà. Mo fẹ́ wà láyé lọ́jọ́ tí ẹ̀dọ̀ yẹn bá gba fíríìdọ́ọ̀mù, kí n jẹ nínú ìrẹsì ẹ̀."