Ẹ̀rọ Kì í Dúró De Akólòlò

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Akólòlò ni. Ọ̀rọ̀ á rìn dáadáa láti inú ọkàn rẹ̀ wá, á dé ètè, á wá kọ̀ jálẹ̀ bí ìbaaka. Ọrùn rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́ kíákíá, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Yàrá kan nísàlẹ̀ ilé alájà méjì ni wọ́n ti ń fọ aṣọ tí wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni ọmọ yìí dàgbà sí, láàárín ooru áyọ́ọ̀nù àti òórùn ọṣẹ. Aṣọ ló mú un nífẹ̀ẹ́ kẹ́mísírì. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbọ́ràn sí omi tútù lẹ́nu, tó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ pinpin bí omi bá gbóná. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn nílé, ló bá ń wá ìdáhùn kiri inú ìwé. Nígbà tó parí ilé ìwé girama, kò sẹ́ni tí máàkì rẹ̀ tó tirẹ̀ nínú kẹ́mísírì. Kò pẹ́ sí i, fásitì kan lókè òkun tó kọ̀wé sí ní kó máa bọ̀, àwọn ló máa gbé gbogbo ìnáwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kó ṣe ìdánwò tó máa fi hàn pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní kíkà, ní kíkọ, ní gbígbọ́ àti ní sísọ, kó sì yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ijó ni ìyá rẹ̀ ń jó bọ̀ nígbà tó gbọ́ ti fásitì. Nígbà tó gbọ́ "sísọ", ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Ṣé wọn ò lè jẹ́ kó o kọ tìẹ sílẹ̀ ni?"

Ọmọ náà mi orí.

"Àwọn èèyàn yìí náà! Ta ló ń fi ẹnu ṣe kẹ́mísírì?"

Lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan ni wọ́n ti ń kọ́ni fún ìdánwò náà. Bàbá arúgbó kan ni tíṣà ibẹ̀. Bàbá Gírámà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí kò sí bí o ṣe kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò níí tún ìkíni ọ̀hún ṣe fún ọ kó tó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọlọ́kàn tútù ni. Ó jókòó ti Díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró títí ọmọ náà fi sọ ohun tó bá wá.

"Oríṣi ìdánwò méjì ló wà," ó ṣàlàyé fún un, "fásitì rẹ sì gba èyíkéyìí. Tó o bá ṣe ti àkọ́kọ́, èèyàn ló máa jókòó níwájú rẹ tí á máa bi ọ́ ní ìbéèrè. Nínú ìkejì, kọ̀ǹpútà ló máa bi ọ́, wàá sì dáhùn sínú máìkì. Èwo lo rò pé apá rẹ á ká?"

Díẹ̀díẹ̀ ronú kan ojú àwọn èèyàn. Ó rántí oníbàárà tó máa ń wo aago, èyí tó máa ń bá a parí ọ̀rọ̀ tí kì í sì í parí rẹ̀ re, àti èyí tó máa ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Kọ̀-kọ̀-kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Kò sẹ́ni tí kì í pa òwe yẹn fún un. Ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé, baba ọ̀hún lè ti jáde nílé kí wọ́n tó pè é tán. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Àwàdà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kó tó sọ ọ́ dé òpin, adùn rẹ̀ á ti lọ.

Bàbá Gírámà bá a béèrè bóyá wọ́n lè fi kún àkókò fún un. Àwọn olùdánwò ní ó ṣeé ṣe, bí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ bá jẹ́rìí sí i. Dókítà bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílùú, àwọn aláìsàn sì ti tò dè é débi pé kó tó kan Díẹ̀díẹ̀, fásitì á ti tilẹ̀kùn ìgbàwọlé. Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ó múra, kò síbi tí kò ti múra. Bó bá ń lọ aṣọ, á gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀, á máa dá áyọ́ọ̀nù lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó bá dènà fún un, á yà fún un, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Nípa báyìí, fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ó mọ mẹ́ta mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣakọ, sísá ló ń sá kiri. Bí kò bá sì sẹ́nì kankan nítòsí, ẹnu rẹ̀ máa ń yọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n sá, ó gbọ́ ọ tó ń bá ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dà bí omi. Obìnrin náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn tí kò dúró. Ó fi etí aṣọ ẹlòmíràn nu ojú rẹ̀, ó sì ní láti tún un fọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Kíkà lọ dáadáa, gbígbọ́ lọ dáadáa, kíkọ dùn mọ́ ọn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí oníkálukú fa máìkì sẹ́nu. Gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ilé oyin. Ìbéèrè jáde lójú kọ̀ǹpútà: sọ nípa ẹnì kan tó kọ́ ọ ní ohun kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà aláwọ̀ ewé kan wà, àkókò rẹ̀ nìyẹn, kò sì tó ìṣẹ́jú kan.

Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ó pa ètè pọ̀ láti pe "màmá mi" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ètè ọ̀hún kò sì ṣí mọ́. Ìlà náà ń kúrú. Ó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kó ní "obìnrin tó bí mi". Ibẹ̀ náà tì. Ìlà náà ń kúrú. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ ìsọkúsọ nípa ìyá tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já geere. Nígbà tí Díẹ̀díẹ̀ fi rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tì jáde, ẹ̀rọ dún, ó ní ó ṣeun, ó sì gbé ìbéèrè mìíràn wá.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kò fi í rẹ́rìn-ín. Kò sì dúró dè é.

Nígbà tí èsì jáde, mẹ́ta nínú rẹ̀ ga bí òkè. Sísọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Gírámà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì dẹ́kun nínù ún.

"Ìmọ̀ràn mi ni kò dáa," ó ní. "Èèyàn ló yẹ kó o bá sọ̀rọ̀. Èèyàn lójú àánú. Ṣì wá dán an wò. Àyè ẹ̀ẹ̀kan ṣì kù kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

Ó lọ. Obìnrin àgbà kan tó ti hewú ló jókòó níwájú rẹ̀ ní yàrá kékeré kan. Kò wo aago, kò sì bá a parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há, á gbé ojú rẹ̀ síbi kan náà pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ sọ nípa ìyá rẹ̀. Ó sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ, tó lè fi àtàǹpàkò lásán mọ irú òwú tí wọ́n fi hun aṣọ. Ó há, ó ṣí, ó há, ó tún ṣí. Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn, Díẹ̀díẹ̀ sì ń dáhùn lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè pé àkókò ti tó.

Bí ọmọ náà ṣe ń dìde, obìnrin náà rọra sọ fún un pé, "Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ."

Díẹ̀díẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé ilé. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó tún un sọ: "Ó ló gbọ́, màmá! Ó ló gbọ́ g-g-gbogbo ẹ̀!" Ìyá gbá a mọ́ra. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lọ aṣọ mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí èsì dé, ìdajì máàkì kan péré ni kò jẹ́ kó yege.

"Báwo ló ṣe ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀?" ìyá ń bi Bàbá Gírámà, ó ti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà náà lọ bá a, omi ọṣẹ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Tó bá gbọ́ ọ, kí ló kù?"

"Ó gbọ́ ọ lóòótọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n máàkì wà fún bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn. Bó bá ń dúró, dandan ni kí wọ́n yọ máàkì. Ọwọ́ obìnrin yẹn kọ́ ló wà."

"Ọwọ́ ta ló wá wà?"

Bàbá Gírámà, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ṣe, tún yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Fásitì ní àwọn kẹ́dùn, àwọn ti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó lè gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ ìnáwó kò sí fún un mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ kò sunkún, ohun tó ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù nìyẹn. Ó ń jí, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá dúró sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n sá, kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, àfi áyọ́ọ̀nù tó ń mí. Àwọn ìwé kẹ́mísírì ń bẹ lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìdì aṣọ tí àwọn tó ni wọ́n kò wá gbà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ ń ká aṣọ ibùsùn tó wá láti ilé ìtura. Ìyá di igun méjì mú, ọmọ di méjì mú.

"Ìyá mi," ìyá pè é, bó ṣe máa ń pè é láti kékeré, "àwọn fásitì mìíràn wà. Dókítà yẹn náà, a lè lọ tò."

"Ó ti s-s-s..." Ọrùn ọmọ náà le. Ìyá dúró. Ó dúró pẹ́, kò bá a parí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wolẹ̀. "Ó ti sú mi, màmá."

Wọ́n na aṣọ náà tó fi le gbọnyin láàárín wọn, wọ́n rìn pàdé ara wọn, ìyá gba igun tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú òmíràn.